Iṣẹ́ Tí Driver Tuntun Ń Ṣe Bí Géèmù Tuntun Bá Jáde

Driver ni sọ́fítíwíà tó wà láàárín géèmù àti káàdì gíráfíìsì, ìyẹn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń ya gbogbo àwòrán tí ojú ń rí. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ló ń ṣe. Géèmù kò mọ bí inú káàdì kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Tirẹ̀ ni kó pàṣẹ pé kí ògiri wà níbí, kí òjìji igi bọ́ sọ́hùn-ún, kí omi máa dán nínú oòrùn. Driver ló ń gba àwọn àṣẹ yìí, tó ń sọ wọ́n di èdè tí káàdì gbọ́. Kí eré tó lè máa lọ geerege, ó yẹ kí àwòrán 60 máa jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, iṣẹ́ tó wà lórí àwòrán kan kò gbọdọ̀ gbà ju ìdá kan nínú 60 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Bí ògbufọ̀ bá kólòlò díẹ̀ báyìí, ẹni tó ń gbá géèmù á rí i pé ohun gbogbo dúró gbagidi kí ó tó tún máa lọ.

Ìdí nìyí tí àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe káàdì fi máa ń gbé driver tuntun jáde nígbà tí géèmù ńlá bá fẹ́ bọ́ sọ́jà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbà á wọlé láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn kò gbà á rárá. Wọ́n á máa dá káàdì lẹ́bi, wọ́n á sì ná owó gọbọi sórí òmíràn, nígbà tó jẹ́ pé driver ló fa wàhálà, tàbí géèmù fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí ń ṣe yóò mọ ibi tí àtúnṣe ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó ń kọ driver

Iléeṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe ẹ̀yà gíráfíìsì tó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Windows, àwọn náà ló sì ń kọ driver fún un. NVIDIA, tí Jensen Huang, Chris Malachowsky àti Curtis Priem dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1993, ló ń ṣe GeForce. GeForce 256 tó jáde ní 1999 ni àkọ́kọ́ nínú ìran náà. AMD ló ń ṣe Radeon, èyí tó bọ́ sí i lọ́wọ́ nígbà tó ra iléeṣẹ́ ATI ti Kánádà ní 2006. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Intel ti ń fi gíráfíìsì sínú ẹ̀yà tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Òun ló sì wà nínú púpọ̀ nínú àwọn láptọ́ọ̀pù tí èèyàn ń lò fún iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ní 2022, ó gbé káàdì Arc jáde fún àwọn tó ń gbá géèmù.

Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe driver máa ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ti AMD rọrùn láti kà: 20.12.1 ni driver àkọ́kọ́ tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ti NVIDIA kì í sọ ọdún, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó bá ga jù ló jẹ́ tuntun jù. Game Ready ni NVIDIA ń pe àwọn driver tí wọ́n ti múra sílẹ̀ fún géèmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí géèmù tó jáde

Kí géèmù ńlá tó dé ọjà, iléeṣẹ́ tó ṣe é sábà máa ń fún àwọn tó ń ṣe káàdì ní ẹ̀dà kan tí iṣẹ́ kò tíì parí lórí rẹ̀. Àwọn ẹnjiníà á gbé e sórí oríṣiríṣi káàdì, tuntun àti èyí tó ti pẹ́. Wọ́n á máa wo àṣẹ tí géèmù ń pa lọ́kọ̀ọ̀kan: èwo ló ń pẹ́ jù, èwo ló ń mú kí ojú kọ̀ǹpútà ṣú, èwo ni driver ṣì gbọ́. Ibi tó bá yẹ kí wọ́n tún kọ nínú driver, wọ́n á tún un kọ. Inú driver náà ni wọ́n ń tọ́jú ìlànà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí fún ọ̀pọ̀ géèmù. Bí ẹnìkan bá ti ṣí géèmù, driver á dá a mọ̀ nípa orúkọ fáìlì rẹ̀, á sì lo ìlànà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ dè é.

Cyberpunk 2077 jẹ́ àpẹẹrẹ tó ṣe kedere. Iléeṣẹ́ CD Projekt Red ní Pólándì ló ṣe é, ó sì jáde ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, 2020. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, NVIDIA gbé driver 460.79 jáde, AMD sì gbé 20.12.1 tirẹ̀ jáde, méjèèjì ló sì ní ìmúra sílẹ̀ fún géèmù yìí. Síbẹ̀, àwọn tó rà á bá àṣìṣe rẹpẹtẹ pàdé, nítorí pé inú géèmù fúnra rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn wà. Ọ̀pọ̀ oṣù gbáko ni CD Projekt Red fi ń tún un ṣe léraléra. Driver lè túmọ̀ àṣẹ dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè sọ àṣẹ tí kò tọ́ di èyí tó tọ́.

Shader, ibi tí ìdádúró ti ń wá

Nínú gbogbo iṣẹ́ driver, èyí tí ojú tètè ń rí àbájáde rẹ̀ ni iṣẹ́ orí shader. Shader ni ìlànà kékeré tó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe bọ́ sára nǹkan: bí irin ṣe máa kọ mànà, bí awọ ara èèyàn ṣe máa rí nínú òkùnkùn, bí èéfín ṣe máa fẹ́ lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló lè wà nínú géèmù kan. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú géèmù kọ́ ni káàdì ṣe ń lò ó. Driver ní láti sọ ọ́ di èdè irú káàdì tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà gan-an, iṣẹ́ yìí sì ń gba àkókò.

Bí géèmù bá dúró di ìgbà tí èèyàn wọ yàrá tuntun kó tó fún driver ní shader tó nílò, eré á dá dúró fún ìgbà díẹ̀ níbẹ̀. Nítorí èyí, àwọn géèmù kan máa ń ṣe gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ṣí wọn. The Last of Us Part I, tó dé orí kọ̀ǹpútà ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ń lò ju ààbọ̀ wákàtí lọ lórí àwọn ẹ̀rọ kan kí ó tó parí iṣẹ́ yìí. Ẹni tí kò bá ní sùúrù dúró, tó wọnú eré lọ kí iṣẹ́ náà tó parí, yóò bá ìdádúró pàdé káàkiri.

Bí iṣẹ́ náà bá parí, driver á tọ́jú àbájáde rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kó má baà tún un ṣe lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí driver tuntun bá wọlé, ohun tí ti àtijọ́ tọ́jú sábà máa ń di àsán, ohun gbogbo á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí rèé tí géèmù tó ń lọ dáadáa lánàá fi lè máa fà lónìí, kété lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ driver. Kò túmọ̀ sí pé driver tuntun burú. Bí wọ́n bá gbá géèmù náà fún ìgbà díẹ̀, ìdádúró náà á lọ sílẹ̀.

Elden Ring fi hàn pé a lè rí ojútùú irú wàhálà yìí láìfọwọ́ kan géèmù. Iléeṣẹ́ FromSoftware ní Japan ló gbé e jáde ní oṣù Kejì ọdún 2022, àwọn tó ń gbá a lórí Windows sì ń ráhùn pé ó ń dá dúró lójijì. Lọ́jọ́ díẹ̀ sí i ni Steam Deck, ẹ̀rọ ìgbágéèmù tí Valve ṣe, bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn tó rà á. Linux ni Steam Deck ń lò. Àwọn òṣìṣẹ́ Valve tún sọ́fítíwíà tó wà láàárín Elden Ring àti driver ṣe, ìdádúró náà sì dín kù gan-an lórí ẹ̀rọ wọn.

Bí driver ṣe lè sọ káàdì kan náà dọ̀tun

Ìtàn Intel Arc ló fi agbára driver hàn jù. Nígbà tí káàdì náà dé ní 2022, ó ń ṣe dáadáa nínú géèmù tuntun, ṣùgbọ́n ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú àwọn géèmù àtijọ́ tó ń lo DirectX 9. DirectX ni ètò tí Microsoft ṣe kí géèmù lè máa fi bá driver sọ̀rọ̀. Kò sí ohun tó ṣe irin káàdì náà. Ọ̀nà tí driver ń gbà túmọ̀ àṣẹ DirectX 9 ni kò yá. Intel yí ọ̀nà náà padà, ó sì kéde ní oṣù Kejì ọdún 2023 pé iye àwòrán tó ń jáde nínú irú géèmù bẹ́ẹ̀ ti fi 43% pọ̀ sí i ní ìpíndọ́gba. Ẹni tó ra káàdì náà ní 2022 kò san kọ́bọ̀ lé e. Driver nìkan ló yí padà.

Ṣùgbọ́n ibi tí irin kò bá ní agbára kan, driver kò lè fún un. Alan Wake 2, géèmù iléeṣẹ́ Remedy ti Fínlándì tó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ń lo agbára kan tí wọ́n ń pè ní mesh shader. GeForce RTX 20 tó jáde ní 2018 ni NVIDIA ti kọ́kọ́ fi í sínú káàdì géèmù rẹ̀, Radeon RX 6000 ti 2020 sì ni AMD ti fi í sí. Àwọn tó ń lo GeForce GTX 10, tó ṣáájú RTX 20, kò rójú nínú géèmù náà, kò sì sí driver tó lè gbà wọ́n. Remedy fúnra rẹ̀ ló tún géèmù ṣe ní oṣù Kẹta ọdún 2024 kí ó tó lè yá díẹ̀ sí i lórí irú káàdì bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí driver bá di wàhálà

Driver ń ṣiṣẹ́ níbi tó jinlẹ̀ gan-an nínú kọ̀ǹpútà, nítorí náà àṣìṣe rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwọn ìwé tó hàn síta nínú ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà ní 2008 fi hàn pé, nínú àkọsílẹ̀ tí Microsoft ṣe ní 2007 nípa bí Windows Vista ṣe ń daṣẹ́ sílẹ̀, driver NVIDIA ló wà nídìí 28.8%. Ní oṣù Kẹta ọdún 2010, NVIDIA ní láti kó driver 196.75 kúrò nílẹ̀ nítorí pé ó ń ṣe ìdíwọ́ fún fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí káàdì, káàdì àwọn kan sì ń gbóná jù.

Ti AMD ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023 tún yàtọ̀. Driver 23.10.1 mú Anti-Lag+ wọ inú Counter-Strike 2, géèmù tí Valve ṣe. Iṣẹ́ Anti-Lag+ ni láti dín àkókò tó wà láàárín ìgbà tí èèyàn tẹ bọ́tìnnì àti ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà kù. Ṣùgbọ́n ó ń wọnú kóòdù géèmù náà lọ kí ó tó lè ṣe é, ètò tí Valve fi ń ṣọ́ àwọn oníwàyó sì rí i bí ìwà wàyó. Wọ́n lé àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ kúrò nínú eré. AMD yọ Anti-Lag+ kúrò, Valve sì dá àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn padà.

Windows ní ààbò díẹ̀ lórí èyí. Bí káàdì kò bá dáhùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2, Windows á pa driver, á sì tún un gbé dìde. Ojú kọ̀ǹpútà á ṣú, á sì padà mọ́lẹ̀, géèmù sì lè ti kú. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò burú. Bó bá ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́ lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ driver, ó yẹ kí wọ́n dá ti tẹ́lẹ̀ padà.

Bí a ṣe ń pààrọ̀ driver láìfara pa

Ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ orúkọ káàdì àti nọ́ńbà driver tó wà lórí kọ̀ǹpútà. Bí èèyàn bá tẹ dxdiag sínú àpótí ìwákiri Windows, tó sì ṣí abala Display, á rí méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni kó lọ sí ìkànnì NVIDIA, AMD tàbí Intel fúnra wọn. Àwọn ìkànnì tó ń pariwo pé driver kọ̀ǹpútà ti gbó, kí èèyàn tẹ ibí kíákíá, kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ wọn ń gbé kòkòrò kọ̀ǹpútà wọlé. Ẹni tó ń lo láptọ́ọ̀pù lè kọ́kọ́ yẹ ìkànnì iléeṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù náà wò, torí pé àwọn kan ní driver tí wọ́n tún ṣe fún ẹ̀rọ tiwọn.

Àkọsílẹ̀ máa ń bá driver kọ̀ọ̀kan jáde. Ó ń sọ géèmù tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, àṣìṣe tí wọ́n ti tún ṣe, àti èyí tó ṣì kù. Ibi tó ṣe pàtàkì jù láti kà nìyẹn. Bí orúkọ géèmù tí èèyàn fẹ́ gbá kò bá sí níbẹ̀, tí èyí tó ń gbá sì ń lọ dáadáa, kò sí kánjúkánjú. Fáìlì driver máa ń tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mẹ́gábáìtì, ẹni tó ń ra dátà ní Nàìjíríà sì mọ iye tí ìyẹn ń jẹ. Bí ó bá jẹ́ àtúnṣe ààbò ni àkọsílẹ̀ sọ, ó yẹ kó gbà á bí kò tilẹ̀ sí géèmù tuntun. Ó dára láti tọ́jú fáìlì náà sórí fláàṣì, kí wọ́n má baà tún un fà wálẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí bátìrì láptọ́ọ̀pù kún, nítorí bí iná bá lọ láàárín kan, driver lè wọlé lábọ̀. Bí driver tuntun bá ṣe ségesège, Windows ní Device Manager, níbi tí wọ́n ti lè tẹ Roll Back Driver láti dá ti tẹ́lẹ̀ padà. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, sọ́fítíwíà kan tó ń jẹ́ Display Driver Uninstaller lè fọ ti àtijọ́ mọ́ pátápátá kí wọ́n tó gbé òmíràn wọlé.

Káàdì tó ti dàgbà

Gbogbo káàdì ló ní ọjọ́ tí iléeṣẹ́ á ṣíwọ́ kíkọ driver géèmù tuntun fún un. NVIDIA ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìran Kepler, tí GeForce GTX 600 àti púpọ̀ nínú GTX 700 wà nínú rẹ̀, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021. Àtúnṣe ààbò nìkan ló kù fún wọn títí di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Ẹni tó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ fún géèmù yẹ kó béèrè orúkọ káàdì inú rẹ̀, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì bóyá driver tuntun ṣì ń jáde fún un, kí ó tó sanwó. Bí kò bá sí mọ́, káàdì náà kò tíì di pàǹtírí. Driver tó gbà kẹ́yìn yóò máa bá a ṣiṣẹ́ lọ, àwọn géèmù tó ti wà kí ìrànlọ́wọ́ tó dópin yóò sì máa ṣí lórí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣí tẹ́lẹ̀.