Bí Íntánẹ́ẹ̀tì Ti Sọ Òǹkàwé di Òǹkọ̀wé

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ olùkọ́, kò sí ẹnìkan láàrin wa tí kò mọ̀ pé ọ̀nà tí ìròyìn, ìtàn, orin àti eré ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn ti yí padà lójú wa. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa a máa rò pé kìkì ohun èlò ni ó yí padà, pé níbi tí àwọn bàbá wa ti ń ra ìwé ìròyìn, àwa ń wo fóònù. Ọ̀ràn náà jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó lè kọ̀wé fún gbogbo ayé, ẹni tí ó lè ṣe fíìmù, àti ẹni tí ó ń yan èyí tí aráyé yóò rí, gbogbo wọn ni ó ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Ó yẹ kí a yẹ ọ̀ràn yìí wò ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé, nítorí pé àwọn ọmọ tí a óò máa kọ́ lọ́la ti wà nínú rẹ̀ ná kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Bí a bá fẹ́ mọ bí àyípadà náà ti tóbi tó, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní Abẹ́òkúta, èyí tí í ṣe ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Kí ìwé náà tó lè jáde, a ní láti ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, a ní láti ní lẹ́tà tí a fi òjé ṣe, tí a ń tò lọ́kọ̀ọ̀kan, a ní láti ní bébà àti tàdáwà, a sì ní láti ní àwọn tí a ti kọ́ ní iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Nígbà tí rògbòdìyàn Ifọ̀lé bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1867, tí a lé àwọn òyìnbó kúrò ní ìlú, ìwé náà dópin, nítorí pé ibì kan ṣoṣo ni ohùn rẹ̀ ti ń jáde.

Bákan náà ni ó rí fún àwọn ohun tí ó tẹ̀lé e. Tẹlifísàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó sì dá a sílẹ̀. Fíìmù Àjàní Ògún, tí Ọlá Balógun darí, tí Adé Afọláyàn sì ṣe olórí eré nínú rẹ̀, jáde ní ọdún 1976. Irú fíìmù tí a ní láti fọ̀ nínú oògùn kí àwòrán rẹ̀ tó hàn ni wọ́n lò, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Nínú gbogbo èyí a rí nǹkan méjì. Èkíní ni pé ẹni tí kò lówó, tí kò sì mọ olówó, kò lè bá ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀. Èkejì ni pé láàrin ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ láti sọ àti àwọn tí yóò gbọ́ ọ, ẹnìkan wà tí ó dúró ní ẹnu-ọ̀nà, tí a ń pè ní olóòtú. Òun ni ó ń ka ọ̀rọ̀ kí ó tó jáde, tí ó ń béèrè pé, “Ṣé òtítọ́ ni? Ta ni ó sọ ọ́?” Lóòótọ́, olóòtú a máa dí ọ̀nà mọ́ ẹlòmíràn láìtọ́, ṣùgbọ́n bí irọ́ bá gba ọwọ́ rẹ̀ jáde, ìlú mọ ẹni tí wọn yóò bi léèrè.

Ní ọdún 1989 ni ọkùnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Tim Berners-Lee, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì tí ó wà nítòsí ìlú Geneva, dábàá ọ̀nà kan láti so àwọn ìwé inú kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ ara wọn, kí ẹni tí ó ń ka ọ̀kan lè ti ibẹ̀ bọ́ sínú òmíràn. Èyí ni a ń pè ní ìtàkùn àgbáyé. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1993, CERN kéde pé ẹnikẹ́ni lè lò ó láìsan owó. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó ní láti tọrọ àyè kí ó tó ṣí ojú-ìwé tirẹ̀. Kìkì pé ó ní láti kọ́kọ́ kọ́ èdè tí kọ̀ǹpútà ń gbọ́.

Àwọn ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ ni ó mú ìdènà ìkẹyìn yìí kúrò. Facebook dé ní ọdún 2004, YouTube ní 2005, Twitter, tí a ń pè ní X nísinsìnyí, ní 2006. Fídíò àkọ́kọ́ lórí YouTube ni èyí tí Jawed Karim, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí ó dá a sílẹ̀, gbé síbẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 2005. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá 19 lọ: ọkùnrin náà dúró níwájú àwọn erin nínú ọgbà ẹranko, ó ń sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́jà wọn. Ilé tẹlifísàn wo ni ìbá gbà á? Ṣùgbọ́n kò bèèrè lọ́wọ́ ilé tẹlifísàn kankan.

Àyípadà èkíní, nígbà náà, ni ti ohun èlò. Àwọn ọmọ kan wà ní Ìkòròdú, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a mọ̀ sí Ikorodu Bois. Wọ́n a máa fi fóònù ya àfarawé àwọn fíìmù ńláńlá ilẹ̀ òkèèrè. Níbi tí àwọn oníṣẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti lo ọkọ̀ olówó iyebíye, àwọn ọmọ wọ̀nyí a lo bárò. Níbi tí wọ́n ti lo ohun ìjà, wọn a lo igi àti ohun èlò inú ilé ìdáná. Ní ọdún 2020 wọ́n ṣe àfarawé ìpolówó fíìmù Extraction, àwọn tí ó ṣe fíìmù náà gan-an sì rí i, wọ́n yìn wọ́n. Ní ọdún kan náà ni ilé-iṣẹ́ Netflix fi ohun èlò ìyàwòrán ránṣẹ́ sí wọn. Ilé-iṣẹ́ ni ó wá àwọn ọmọ rí. Àwọn ọmọ kò lọ jókòó sí ẹnu-ọ̀nà ilé-iṣẹ́.

Àyípadà èkejì ni ti òǹkàwé. Láyé àtijọ́, ẹni tí kò fara mọ́ ohun tí ó kà a kọ lẹ́tà sí olóòtú, a sì máa retí. Nísinsìnyí, èsì a máa wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà kí tàdáwà àtijọ́ ìbá tó gbẹ. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn òǹkàwé a máa bá oníṣẹ́ ṣe iṣẹ́ náà. Àkójọ orúkọ Yorùbá tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, YorubaName.com, ń gba orúkọ àti ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn tí ó ń bójú tó o a sì yẹ̀ ẹ́ wò. Nípa báyìí, ìyá àgbà tí ó mọ ìtumọ̀ orúkọ kan ní ìletò rẹ̀ lè ti ẹnu ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi kún ìmọ̀ gbogbo ìran wa.

Àyípadà ẹ̀kẹta ni èyí tí kò hàn sí ojú. Ẹ má ṣe rò pé ẹnu-ọ̀nà ti wà gbayawu láìsí olùṣọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó ń jáde lóòjọ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnìkan kò lè rí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀. Nítorí náà àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí kọ ìlànà ìṣirò sínú kọ̀ǹpútà, òun ni ó sì ń yan ohun tí yóò kọ́kọ́ hàn sí olúkúlùkù. Ohun tí ó ń ṣírò jùlọ ni iye àwọn tí ó tẹ nǹkan, bí wọ́n ti pẹ́ nídìí rẹ̀ tó, àti bí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn tó. Owó wà nídìí rẹ̀ pẹ̀lú. Lórí YouTube, ẹni tí yóò gba owó ìpolówó lórí fídíò gígùn ní láti ní ènìyàn 1,000 tí ó forúkọ sílẹ̀, kí a sì ti wo iṣẹ́ rẹ̀ fún wákàtí 4,000 láàrin ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni yóò máa gba ìdá 55 nínú 100 owó náà. Nítorí náà, oníṣẹ́ a máa fi ohun tí ó ya ni lẹ́nu jùlọ síwájú, a máa fi àkọlé bíi igbe bo iṣẹ́ rẹ̀, kí òǹwòran má baà kọjá lọ. Kì í ṣe pé ó burú. Ẹni tí ń ṣírò fún un ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Nísinsìnyí ni mo dé ibi tí ọ̀ràn yìí ti kan ẹ̀mí ènìyàn. Ní oṣù Keje ọdún 2014 ni àrùn Ebola wọ ìlú Èkó. Ní oṣù Kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí tàn káàkiri láti orí fóònù dé orí fóònù pé kí olúkúlùkù fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu ún, kí àrùn náà má baà mú un. Irọ́ gbáà ni. Iyọ̀ àmujù a máa ṣe ìpalára, pàápàá fún ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n gbé àwọn ènìyàn lọ sí ilé ìwòsàn, àwọn ìwé ìròyìn sì sọ pé àwọn kan kú. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ọ̀tá ni ó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí púpọ̀ nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n ni ó fi ránṣẹ́ sí àbúrò, ìyá ni ó fi ránṣẹ́ sí ọmọ, ní òru, pẹ̀lú ìfẹ́. Olúkúlùkù wọn di òǹtẹ̀wé ní alẹ́ ọjọ́ náà, kò sì sí olóòtú kan láàrin wọn.

Àwọn ilé-iṣẹ́ pàápàá ti mọ ewu yìí. Lẹ́yìn tí irọ́ nípa àwọn ajọ́mọgbé mú kí èrò pa àwọn aláìṣẹ̀ ní ilẹ̀ Íńdíà, WhatsApp dín iye ibi tí ènìyàn lè fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan kù sí 5 níbẹ̀ ní ọdún 2018, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọdún 2019. Ṣùgbọ́n òfin ilé-iṣẹ́ kò lè rọ́pò ọgbọ́n orí ẹni.

Kí ni kí àwa olùkọ́ ṣe? Iṣẹ́ olóòtú, tí ó wà lọ́wọ́ ènìyàn díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ti bọ́ sọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, a kò sì tí ì kọ́ wọn ní iṣẹ́ náà. Mo dábàá pé kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan máa ṣe ìwé ìròyìn tirẹ̀ lórí bébà, ìbáà ṣe ojú-ìwé méjì péré ní oṣù. Kí àwọn ọmọ máa kọ ìròyìn ilé-ìwé àti ti àdúgbò, kí wọ́n sì máa jẹ olóòtú ní ẹsẹẹsẹ. Kí ọmọ tí ó jẹ olóòtú máa bi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni ó sọ ọ́ fún ọ? Ìwọ fúnra rẹ rí i bí? Ta ni yóò fara gbá a bí kò bá jẹ́ òtítọ́? Eléyìí kò gba fóònù, kò sì gba iná mànàmáná. Ọmọ tí ó bá ti fi ìbéèrè wọ̀nyí dá ìròyìn ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà nígbà kan rí, yóò rántí wọn nígbà tí fóònù bá dé ọwọ́ rẹ̀ ní òru.

Àwọn àgbà wa sọ pé ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ó ń fọ́. Ní ayé wọn, ẹnìkan a máa gbé ẹyin kan. Lónìí a ti gbé agbọ̀n ẹyin lé ọwọ́ ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọ bí a ti ń rìn.