Àmì tó ń padà sójú kan náà: ẹ yẹ oògùn yín wò

Ẹnì kan lo oògùn, àmì dúdú roboto kan sì yọ sí i lára, ó ń yún, ó ń ta. Bó bá jẹ́ ètè ló yọ sí, yóò ní ibà ló fà á. Bó bá jẹ́ abẹ́ ni, ìjà dé láàárín tọkọtaya nìyẹn, wọ́n á ní àrùn ìbálòpọ̀ ni. Àmọ́ bó bá tún lo oògùn náà, tí àmì ọ̀hún tún ru sókè lójú ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ó ti hàn pé oògùn yẹn kò bá a lára mu.

Àwọn oògùn tí súfà wà nínú wọn sábà máa ń fa èyí. Súfà wà nínú Septrin, ó wà nínú Fansidar pẹ̀lú. Ẹni tó ti sá fún ọ̀kan lè ra èkejì láìfura.

Àmì kékeré yẹn kì í pani. Èyí tó lè pani ni kí ara gbóná, kí ẹnu àti ojú di egbò, kí awọ máa bó bí ẹni tí omi gbígbóná dà lé lórí. Àwọn dókítà ará Amẹ́ríkà méjì, Stevens àti Johnson, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1922, orúkọ wọn ló sì ń jẹ́ títí dòní. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ oògùn kó tó yọjú. Ẹ má dúró po àgbo o. Ẹ dá oògùn náà dúró, kí ẹ sáré gba ọsibítù lọ, kí ẹ mú páálí rẹ̀ dání.

Ẹ kọ orúkọ oògùn tí kò bá yín lára mu sílẹ̀, kí ẹ máa sọ ọ́ fún gbogbo dókítà, nọ́ọ̀sì àti oníkẹ́míìsì. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni í sá.