Iṣan Abẹ́ àti Ìtọ̀ Tí Ó Ń Já
Àwọn ìyá kan ní ibùdó oko wa ń fi ìtìjú sọ fún wa pé àwọn máa ń tọ̀ sára bí àwọn bá wúkọ́ tàbí gbé apẹ̀rẹ̀ iṣu. Kì í ṣe èpè. Iṣan ni ó tẹ́ bí ẹní láti egungun òkè abẹ́ dé egungun ìdí, tí ó gbé àpò ìtọ̀ àti ilé-ọmọ dúró. Ìbímọ a máa nà án. Ọkùnrin náà ní in.

Ẹ fún un pọ̀ bí ẹni tí ń dá ìtọ̀ dúró, ẹ ka 1 dé 5, kí ẹ dẹ̀ ẹ́. Ìgbà 10, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, fún oṣù 3. Ẹ má sé èémí.

Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá ń ṣàn tọ̀sán-tòru lẹ́yìn ìrọbí tí ó pẹ́, ó lè jẹ́ pé ihò ti lu nínú. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kíá. Wọ́n lè dí i.