Òdòdó Ìgbà Ẹ̀ẹ̀rùn ní Ọ̀dàn Ẹ̀gbá, láti Bélú dé Igbe

Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, tí ọyẹ́ bá ti mú dáadáa, ọ̀dàn tó yí Abẹ́òkúta ká kì í wu ojú í rí. Láti Òṣíẹ̀lẹ̀ dé Ọdẹ́dá, láti Alábàtà wọ Òpéjì, koríko ti gbẹ, iná ti jó apá kan, eruku sì ti bo ewé tó kù. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ti sá lọ, ó di ìgbà òjò. Irọ́ ni. Ìgbà yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ igi ọ̀dàn ń tanná. Ẹni tó bá ń wá òdòdó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkè ni kó kọ́kọ́ wò. Bó bá dé ibi tí iná ti jó, kó wá wolẹ̀.

Òjò tí ń rọ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́dún tó nǹkan bí 1,200 mìlímítà, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló ń bọ́ sí àárín Bélú àti Ẹrẹ́nà. Ewé ló ń ná igi lómi jù, ìdí nìyẹn tí igi fi ń wọ́wé. Gbòǹgbò ṣì ń rí omi fà nísàlẹ̀. Bí ewé bá ti lọ tán, kò sí ohun tó bo òdòdó mọ́. Oyin, ẹyẹ àti àdán á máa rí i láti òkèèrè. Igi tó bá tètè tanná á tètè so, irúgbìn rẹ̀ á sì ti wà nílẹ̀ kí òjò tó dé.

Ní ìparí Bélú, ohun tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀ (òṣèlú ò jẹ́ kí ewéko pàápàá sinmi). Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, kò sì tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún tó ti gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Òdòdó rẹ̀ kéékèèké, ó funfun, ó sì fẹ́ ní àwọ̀ elésè àlùkò díẹ̀. Àgbẹ̀ kórìíra rẹ̀, tata sì fẹ́ràn rẹ̀ bí nǹkan míì. Ọmọ tata dúdú á so mọ́ra wọn lórí ewé ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Bí wọ́n bá dàgbà, wọ́n á máa jẹ òdòdó yìí, oró inú rẹ̀ á wọ ara wọn, á sì wọ ẹyin wọn, ọ̀tá ò ní lè fẹnu kàn án. Bóyá ìdí nìyí tí tata fi ń jókòó jẹ́ẹ́ lójú gbogbo ayé. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń yà sí bó bá yá, àgbẹ̀ á sì mọ̀ ọ́n lára. Ní àkókò yẹn kan náà, ológunṣẹ̀ṣẹ̀ ti yọ òdòdó pupa rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sórí ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún.

Lójú tèmi, póńpólà ló lẹ́wà jù lọ́dún. Láàárín Ọ̀pẹ̀ àti Èrèlè, ẹ ó rí igi ńlá láìní ewé kan, tí gbogbo orí rẹ̀ pọ́n. Kò pọn dandan kí ẹ gùn ún. Ẹ lọ sí ìdí rẹ̀ láàárọ̀, ẹ ó bá òdòdó tó ti já bọ́. Abala márùn-ún tó nípọn, tó sì ń dán, ló yọ láti inú ago kékeré kan tó le; àwọn okùn tín-ín-rín kún àárín rẹ̀, wọ́n ru ìyẹ̀fun sórí. Ẹ tẹ ìdí rẹ̀, omi dídùn á lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Omi yìí ni àwọn ẹyẹ kéékèèké ẹlẹ́nu gígùn ń bá kiri.

Irúgbá, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Kò sí ilé tí wọn kì í fi irú sọbẹ̀, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti rí òdòdó igi irú? Ó ṣù roboto, ó pupa, ó so rọ̀ sórí okùn gígùn, ìrọ̀lẹ́ ló sì ń là. Oúnjẹ àdán ni. Omi oyin rẹ̀ wà lókè, níbi tí òdòdó ti so mọ́ okùn. Àdán á rọ̀ mọ́ ọn, á lá a, ìyẹ̀fun á lẹ̀ mọ́ irun àyà rẹ̀, á sì fò lọ sórí igi mìíràn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, oyin á wá gba ìyókù. Ẹni tó ń yìnbọn lé àdán, ó yẹ kó rántí ọbẹ̀ ilé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná kò ṣe é fò. Ní Olókèméjì, lẹ́bàá Odò Ògùn láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, igbó ọba kan wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1899. Ní 1929, àwọn òṣìṣẹ́ igbó pín ilẹ̀ kan níbẹ̀ sí mẹ́ta: wọ́n ń sun apá kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọọdún, wọ́n ń sun èkejì ní ìparí rẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kí iná kan ẹ̀kẹta. Charter àti Keay gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1960, lẹ́yìn ọdún 28. Ibi tí iná ò dé ti ń di igbó. Ibi tí wọ́n ń sun nígbà tí koríko ti gbẹ tán, igi kú níbẹ̀, koríko gbà á. Ibi tí wọ́n ń tètè sun wà láàárín méjèèjì. Ọdẹ tó bá ń dáná sọ́dàn ní Ẹrẹ́nà nítorí ọ̀yà kan, irúgbá àti igi òrí ọ̀la ló ń sun.

Síbẹ̀, ilẹ̀ tó jó kì í pẹ́ kó tó sọjí. Nígbà tí iná ṣì ń jó, àwòdì á ti máa rà bàbà lókè, lékeléke á sì máa ṣọ́ etí iná, nítorí kòkòrò tó ń sá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ̀kan á yọ orí funfun lórí eérú. Iná gan-an ló ń mú un tanná. Ẹ wo ẹsẹ̀ yín níbẹ̀. Ewéko kan wà, Cochlospermum tinctorium, tí òdòdó ńlá rẹ̀, aláwọ̀ ìyeyè, máa ń yọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ewé tó hù, nítorí inú ilẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ tó sanra ti fara pamọ́ fún iná. Àwọn eléwé-ọmọ ń wa gbòǹgbò náà fún àgbo ibà àti ibà pọ́njú.

Àwọn tó ń gun Olúmọ máa ń wo òrùlé ìlú, wọn kì í wo àpáta. Lórí irú àpáta bẹ́ẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ewéko kan wà, Afrotrilepis pilosa, tó ń tẹ́ sórí òkúta lásán. Ó máa ń gbẹ, ewé rẹ̀ á ràkò bí ohun tó ti kú. Òjò kan ṣoṣo, ó tún tutù. Nínú kòtò omi orí àpáta ní àríwá Nàìjíríà, ìdin kòkòrò kan tó jọ ẹ̀fọn tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó gbẹ pátápátá pẹ̀lú omi rẹ̀. H. E. Hinton ti Yunifásítì Bristol kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1960; àwọn kan nínú wọn ti gbẹ fún ọdún 17 kí wọ́n tó tún jí. Ní agbègbè Ọdẹ́dá, kí ẹ tètè lọ wo àwọn àpáta náà ni, nítorí àwọn tó ń fọ́ òkúta ò sinmi.

Ìgbín kò lọ jìnnà ní tirẹ̀. Ẹ tú ewé gbígbẹ ní ìdí igi ńlá, ẹ ó bá a nínú ilẹ̀, ó ti fi awọ funfun kan di ẹnu ìkarahun rẹ̀, kí omi ara rẹ̀ má baà gbẹ. Ẹ dá a padà. Òjò àkọ́rọ̀ ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un, òun àti èsunsun.

Ẹni tó bá fẹ́ jáde lọ wò ó, kó lọ kí oòrùn tó mú, kó wọ bàtà tó bo kókósẹ̀ nítorí ejò, kó sì kọ́kọ́ kí baálẹ̀ abà, nítorí igbó kan wà tó jẹ́ ti Orò. Bí Igbe bá wọlé, a kò ní gbójú sókè mọ́. Ìgbà òdòdó ilẹ̀ ló dé. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn, ìbátan tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún, Costus spectabilis, ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹṣin méjì nínú àmì orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Pupa ni wọ́n kùn ún níbẹ̀. Lóko, ìyeyè ni, ewé mẹ́rin ló sì máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀ yí i ká. Kí koríko tó ga ni kí ẹ wá a.