Ìtàn ìbọn lẹ́nu àwọn àgbà sójà: òótọ́ àbí irọ́?

Bí àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì bá jókòó pọ̀, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ kan ìbọn. Àwọn tó lọ Bọ́mà a máa sọ ti Lee-Enfield, àwọn tó ja ogun abẹ́lé wa a máa sọ ti FN. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ṣe kádẹ́ẹ̀tì níléèwé lásán náà kì í dákẹ́. Tèmi ni pé bí bàbá bá ń sọ ti èjìká rẹ̀ àti etí rẹ̀, ẹ gbà á gbọ́. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye, tàbí tó ń ròyìn agbára ìbọn, ẹ rọra.

"Lee-Enfield a máa gbá èjìká títí á fi wú." Òótọ́ ni, àgàgà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ìbọn náà wúwo tó kílò mẹ́rin, ó sì ń ta sẹ́yìn bí ọta ti ń jáde. Ẹni tó bá ki ìdí rẹ̀ mọ́ èjìká dáadáa, ìbọn á kàn tì í ni. Ẹni tó ń bẹ̀rù, tó fi àyè sílẹ̀, ìbọn á sáré wá bá a. Ẹ̀rù yẹn náà ló ń ba iṣẹ́ jẹ́: á dijú, á fa tígà lójijì, ọta á gba ibòmíràn lọ.

"Ọta a máa gbé èèyàn fò sẹ́yìn." Irọ́ sinimá. Agbára tó ń ti ọta síwájú náà ló ń ti èjìká ẹni tó yìn ín sẹ́yìn. Bí ọta bá lè gbé ẹni tó bà fò, ẹni tó yìn ín náà ì bá ti wà nílẹ̀.

"Ọta tó máa pa ọ́, o ò ní gbọ́ ìró rẹ̀." Òótọ́. Ọta Lee-Enfield ń jáde ní nǹkan bí mítà 740 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìró kò sì rìn ju nǹkan bí 340 lọ. Ẹni tí ọta kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń gbọ́ ìró méjì: "pàá" ti ọta fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà "gbì" láti ẹnu ìbọn. Wọ́n ń kọ́ sójà láti fetí sí èkejì, torí òun ló ń tú àṣírí ibi tí ọ̀tá wà.

"Sójà Gẹ̀ẹ́sì kan ta ọta 38 ba àmì láàárín ìṣẹ́jú kan." Snoxall ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, ọdún 1914 ni wọ́n sì ní ó ṣẹlẹ̀. Lóòótọ́, wọ́n ń kọ́ ọmọ ogun ìgbà náà láti ta ọta 15 láàárín ìṣẹ́jú kan sí àmì tó jìnnà tó yáàdì 300. Ṣùgbọ́n ọta 10 péré ni ìbọn yẹn ń gbà lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń fa irin rẹ̀ sẹ́yìn kí wọ́n tó yin òmíràn. Èmi gba 15. 38 jọ ọ̀rọ̀ ọtí.

"Gbogbo ẹni tó lọ Bọ́mà ló yìnbọn." Irọ́, ó sì ń dùn mí, torí ó ń bo iṣẹ́ àwọn kan mọ́lẹ̀. Ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, níbi tí Ẹ̀ka 81 ti àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti jà ní 1944, kò sí ọ̀nà ọkọ̀. Orí ni àwọn aláàárù ológun fi ń ru oúnjẹ àti àpótí ọta nínú igbó, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní ìbọn. Ẹ wo Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ilé ní ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní 1942, ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n sì fi í sí. Ní oṣù kẹta 1944, àwọn ará Japan yìnbọn lù wọ́n létí odò, ọta fọ́ egungun itan rẹ̀. Àwọn ará abúlé ló fi òun àti ọmọ Sierra Leone kan pamọ́, tí wọ́n ń bọ́ wọn, títí di oṣù kejìlá. Ó kọ ìwé nípa rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ta ló máa sọ pé kì í ṣe sójà?

"Obìnrin kò lè bá ọkùnrin du ìbọn." Irọ́. Ní 1930, Marjorie Foster gba Ẹ̀bùn Ọba nínú ìdíje ìbọn yínyìn ní pápá Bisley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lójú gbogbo àwọn ọ̀gá sójà.

"Ìbọn ló di bàbá létí." Òótọ́. Ìró ìbọn ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 140 lọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì lè ba etí jẹ́ títí ayé. Òwú ni ọ̀pọ̀ wọn ń ki bọ etí nígbà yẹn, àwọn mìíràn kò ki nǹkan kan. Ẹ má pe bàbá ní alágídí bí kò bá dáhùn.

"Ọta tí a bá yìn sójú ọ̀run kò lè pa ẹnikẹ́ni." Irọ́ tó léwu jù nínú gbogbo wọn. Ohun tó gòkè á sọ̀ kalẹ̀, ọta tí a yìn ní ìdagẹ̀rẹ̀ sì tún ń pa agbára rẹ̀ mọ́ ju èyí tó lọ sókè gan-an lọ. Ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà ṣòfin lòdì sí i ní 2000, lẹ́yìn tí irú ọta bẹ́ẹ̀ pa ọmọbìnrin ọdún 14. Ìbọn tí àwọn sójà ń yìn níbi ìsìnkú akẹgbẹ́ wọn, ọta tí kò lórí ni wọ́n ń kì sí i. Àwọn ọdẹ wa náà, ẹ̀tù nìkan ni wọ́n ń kì sí ṣakabùlà fún irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yin ọta gidi sókè níbi ìnáwó yín, ẹ gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, kódà bó ṣe ọ̀gá sójà.