Wọ́n ní ọpọlọ ọmọ náà ti pé jù: ìdánwò wo ni wọ́n ṣe fún un?

Ọ̀rẹ́ mi kan pè mí lórí fóònù ní alẹ́ Sátidé kan lóṣù tó kọjá. Àǹtí Téló ni gbogbo àdúgbò ń pè é n'Íbàdàn, ṣùgbọ́n inú ọgbà kan náà lèmi àti ẹ̀ ti jọ dàgbà, oṣù mẹ́rin péré ni mo sì fi jù ú lọ. Kò kí mi pẹ́. Ó ní, "Lọ́yà, wọ́n ní kí ọmọ mi fo Pírámárì Karùn-ún àti Ìkẹfà o. Wọ́n ní tó bá ti di Sẹ̀tẹ́ńbà, kó bọ́ sí JSS 1. Wọ́n ní ọpọlọ ẹ̀ ti pé jù. Ṣé kí n gbà?"

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọmọ náà. Pírámárì Kẹrin ló wà.

Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu ni, "Ìdánwò wo ni wọ́n ṣe fún un?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdánwò kankan. Ohun tí màdámù tó ni ilé-ìwé sọ fún òun ni pé ọmọ náà ló máa ń gbé ipò kìíní, àti pé fọ́ọ̀mù JSS 1 ti jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì tiwọn tó wà lẹ́yìn ilé.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí ilé-ìwé aládàáni mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Dọ́bù púrómóṣọ̀n là ń pè é, èmi náà sì jẹ nínú ẹ̀. Mo wà ní Pírámárì Kẹta nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé wa ránṣẹ́ pe màmá mi, tí wọ́n sọ fún wọn pé ọmọ wọn gbọ́n ju àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé àga mi lọ sí Pírámárì Karùn-ún. Inú màmá mi dùn débi pé wọ́n se ìrẹsì fún gbogbo ọgbà. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò ni pé Pírámárì Kẹrin ni wọ́n ti ń kọ́ fíráṣọ̀n. Mo dé Karùn-ún, wọ́n ti wà ní désímà. Títí di òní, tí oníbàárà bá ní kí n bá òun ṣírò ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún owó ilẹ̀, fóònù ni mo máa ń sáré mú. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi lọ ka ìmọ̀ òfin. Ẹ ti gbọ́ ìdáhùn.

Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń bá mi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ìṣírò nígbà yẹn? Àǹtí Téló ni. Ilé-ìwé ìjọba lòun ń lọ. Ìyá ẹ̀ ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lẹ́nu ọ̀nà ọgbà wa, kí oníbàárà tó ti ọwọ́ bọ àpò, ọmọ náà ti ṣírò ṣéńjì èèyàn mẹ́ta lórí. Níléèwé wọn, ọmọ mẹ́rin ló ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó yẹ kó gba méjì. Tí tíṣà wọn bá fẹ́ jáde, òun ni wọ́n máa ń fún ní ṣọ́ọ̀kì pé kó máa kọ́ àwọn yòókù. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọpọlọ ọmọ yẹn mú. Kò sẹ́ni tó gbé àga ẹ̀ lọ síbì kankan. Ó wà ní JSS 2 nígbà tí ara ìyá ẹ̀ ò yá, ó sì lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán.

N kò sọ pé iṣẹ́ téló kò dáa o. Ó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà, ọ̀pọ̀ oṣù ló sì wà tí owó tó ń wọlé fún un ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ó ti sọ fún mi rí pé injiníà lòun fẹ́ dà.

Èmi tí màmá mi lówó ilé-ìwé, wọ́n sọ mí di ọlọ́pọlọ pípé. Òun tó ń kọ́ mi ní ìṣírò, wọ́n fún un ní ṣọ́ọ̀kì. Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ran àwọn ọmọ tó ní ẹ̀bùn àrà ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn wo? Ta ló wá wọn rí?

Ẹ̀yin tí ẹ ò fẹ́ràn òfin, ẹ fojú fo ìpínrọ̀ yìí jàre. Abala 18 nínú ìwé òfin 1999 ní kí ìjọba ṣètò kí àǹfààní ẹ̀kọ́ dọ́gba, kó sì tó, fún gbogbo èèyàn. Ó dùn létí, àbí? Abala 6(6)(c) nínú ìwé òfin kan náà ló wá sé ilẹ̀kùn ilé-ẹjọ́ mọ́ ọn, nítorí náà ẹ ò lè fi abala 18 nìkan pe ìjọba lẹ́jọ́. Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè náà kò gbàgbé àwọn ọmọ ọlọ́pọlọ pípé: ó kà wọ́n mọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n nílò ìtọ́jú pàtàkì, gẹ́gẹ́ bíi àwọn tí kò ríran àti àwọn tí kò gbọ́ràn, torí pé ẹ̀kọ́ kíláàsì lásán kì í tó wọn. Orí ìwé lèyí wà o.

Lójú ayé, ilé-ìwé kan ni ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún wọn, ní Súlèjà, ìpínlẹ̀ Niger. NECO ló ń ṣe ìdánwò ìwọlé ibẹ̀, JSS 1 ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ilé-ìwé kan, fún orílẹ̀-èdè tó tóbi tó báyìí. Ọmọ tó fẹ́ dé bẹ̀ gbọ́dọ̀ ní òbí tàbí tíṣà tó ti gbọ́ pé ìdánwò náà wà, tó rówó fọ́ọ̀mù, tó sì múra ẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ta ló máa sọ fún ìyá ẹlẹ́kọ?

Níbi tí ìjọba ò sí, àwọn òbí àti àwọn onílé-ìwé ti dìde fúnra wọn. N ò dá wọn lẹ́bi tán. Tí màdámù kan bá ní ọmọ rẹ ò lè fo kíláàsì, ilé-ìwé kejì tó wà ní òpópónà yẹn máa ní ó lè fò ó, o sì máa kó ọmọ rẹ lọ síbẹ̀. Ilé-ìwé aládàáni tí kò ní Pírámárì Ìkẹfà mọ́ pọ̀ lọ jàra. Ní 2024, ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ fúnra wọn pariwo pé kí àwọn òbí yé mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 wá sí ìdánwò kọ́mọ́ọ̀nù.

Ibi tí eré yìí máa ń parí sí ni JAMB. Ní 2025, wọ́n ní ẹni tí kò bá ní pé ọdún 16 ò lè wọ yunifásítì, àyàfi tí ọpọlọ ẹ̀ bá mú ju ti ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ gan-an, kó sì fi máàkì hàn. Àwọn ọmọ tó jáde wá jẹ́ 41,027. Àwọn tó gba 320 nínú 400, ìyẹn máàkì tí wọ́n là sílẹ̀, jẹ́ 599. Ẹ tún un kà. Kò sí nǹkan tó ṣe àwọn yòókù. Ọmọ dáadáa ni wọ́n, ọmọ bíi tèmi. Wọ́n kàn fi ìkánjú gbé wọn fo ọdún kan tàbí méjì ni. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Mo wọ yunifásítì lọ́mọ ọdún 15, mo sì mọ bí ó ṣe rí kí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ nínú kíláàsì máa pè ọ́ ní "ọmọ kékeré".

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ọmọ wà tó yẹ kó fò. L'Amẹ́ríkà, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Julian Stanley ní Johns Hopkins bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1971 tó fi ń fún àwọn ọmọ ọdún 12 sí 13 ní SAT, ìdánwò tí àwọn tó ń lọ yunifásítì ń ṣe. Wọ́n tẹ̀lé àwọn tó mókè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Fífò kò ba ayé ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́, ó tilẹ̀ ṣe wọ́n láǹfààní. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n kọ́kọ́ dán wọn wò.

Èyí tó wú mi lórí jù ṣẹlẹ̀ ní Broward, ní ìpínlẹ̀ Florida. Tẹ́lẹ̀, kí ọmọ tó wọ kíláàsì àwọn ọlọ́pọlọ pípé níbẹ̀, tíṣà tàbí òbí ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀. Àwọn òbí tó lówó máa ń sanwó fún onímọ̀ kan pé kó wá yẹ ọmọ wọn wò. Nígbà tó di 2005, wọ́n ní ó tó: gbogbo ọmọ tó bá wà ní kíláàsì kejì ló máa ṣe ìdánwò kékeré kan, yálà òbí ẹ̀ bèèrè tàbí kò bèèrè. David Card àti Laura Giuliano, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, ṣèwádìí ohun tó tẹ̀yìn ẹ̀ yọ, wọ́n sì gbé e jáde ní 2016. Ìwọ̀n àwọn ọmọ dúdú tí wọ́n mú fi 80% lé sí i; ti àwọn ọmọ Hispanic fi 130% lé. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́n o. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò wò wọ́n. Nígbà tí owó ìjọba ibẹ̀ wọ́n, tí wọ́n gé ìdánwò náà kù, iye wọn tún já wálẹ̀.

Kí ló dé tí SUBEB ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ Yorùbá ò lè fi ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún dán gbogbo ọmọ Pírámárì Kẹta wò, nílé-ìwé ìjọba àti ti aládàáni? Kó sì jẹ́ ní Yorùbá, jọ̀ọ́. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Fafunwa ti fi hàn wá ní Mọ́dákẹ́kẹ́ láti 1970 pé ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ní gbogbo ẹ̀kọ́ pírámárì kò kẹ́yìn sí ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá fi Gẹ̀ẹ́sì wá ọlọ́pọlọ pípé, ọmọ tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì pè jẹun nílé lẹ máa rí. Kódà nígbà ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ní 1955, wọ́n á ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá orí kó fi kan etí òsì, kí wọ́n tó kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀. À ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín lónìí. Ó kéré tán, ìdánwò nìyẹn, gbogbo ọmọ ló sì ń ṣe é.

Àǹtí Téló gbé ìbéèrè mi lọ síléèwé náà. Màdámù ní, "Àwọn òbí mìíràn ń bẹ̀ wá nítorí àǹfààní yìí, ẹ̀yin ń bèèrè ìdánwò." Ó ti sọ fún wọn pé kí ọmọ náà lọ sí Pírámárì Karùn-ún. Àmọ́ inú ẹ̀ ò dùn tán, torí òótọ́ ni pé ọmọ náà máa ń parí iṣẹ́ kíláàsì kí tíṣà tó kọ ọ́ tán sójú pátákó, tó bá sì parí, ariwo ló kù. Mo sọ̀rọ̀ Súlèjà fún un. Ó ní, "Ọmọ mi kan ṣoṣo, Lọ́yà. Súlèjà?"

Ohun tó ń ṣe báyìí ni pé lẹ́yìn ilé-ìwé, ọmọ náà máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó fún un ní téèpù àti pépà ńlá pé kó máa ya bùbá: kó pín àyà sí mẹ́rin, kó fi ìdá kan nínú mẹ́jọ lé e, kó fi ti ojú rírán kún un. Ó ní fíráṣọ̀n ọmọ náà ti já fáfá, kí n yà níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kó kọ́ èmi náà.