Bí A Ti Í Fi Prednisolone Sílẹ̀

Oògùn prednisolone a máa dẹ làkúrègbé àti ikọ́ tí ń sé ni léèémí. Ṣùgbọ́n bí a bá lò ó ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ, ẹ̀yà ara kékeré méjì orí kíndìnrín, tí ń pèsè irú rẹ̀ fún ara, lè ṣíwọ́ iṣẹ́, bí olóko tí ó fi ọkọ́ lé alágbàṣe lọ́wọ́. Bí alágbàṣe bá lọ lójijì, ta ni yóò ro oko?

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Àfọ̀n, ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, ìbáà gba oṣù púpọ̀. Bí àárẹ̀ tàbí oríkèé ríro bá dé, ẹ sinmi, ẹ sì sọ fún un. Ṣùgbọ́n èébì, òyì líle tàbí ibà lè já sí ikú: ẹ yára lọ sí ilé ìwòsàn ní Ayétòrò tàbí Ìlaròó, kí ẹ sì fi oògùn náà hàn wọ́n.